Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Inú Lọ́rì Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajue, bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń sáré tẹ̀lé òórùn àkàrà, òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lèmi máa ń sáré tẹ̀lé. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Títí di òní tí orí mi ti funfun, bí ẹ bá fi aṣọ dì mí lójú, tí ẹ gbé ọ́ìlì méjì sí mi nímú, n ó sọ èyí tó ti wọ inú ẹ́ńjìnì rí àti èyí tí kò tíì wọ̀ ọ́. N kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Tíṣà ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe. Lọ́rì ìyá mi ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, àṣìṣe tí mo ṣe nídìí rẹ̀ ló sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra mótò àtijọ́ onídísù káàkiri Ore àti Odigbo, tí ẹ ń wá bi mí pé ọ́ìlì wo ni kí ẹ rọ sí i, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ló fi lọ́rì náà sílẹ̀ nígbà tó kú. Orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, pákó ni wọ́n fi kan ara rẹ̀, wọ́n sì kọ SÙÚRÙ gàdàgbà síwájú rẹ̀. Gáàsì ló ń mu. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe dísù nígbà náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà ẹbí ní kí wọ́n ta lọ́rì, kí wọ́n sì pín àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin káàkiri, ọ̀kan sí Òkìtìpupa, ọ̀kan sí Oǹdó, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi kọ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí lọ́rì yẹn bá ń rìn, abẹ́ òrùlé kan ni àwọn ọmọ òun yóò máa sùn. Àwọn àgbà ní ó dáa, àwọn ń wò ó. Láti ọjọ́ náà, bí lọ́rì bá wúkọ́, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a wo ara wa lójú.

Epo pupa ni lọ́rì náà ń kó lọ sí Ore lọ́jọ́ ọjà, ti ìyá mi àti ti àwọn obìnrin abúlé yòókù. Ìyá mi kò mọ mótò wà, ṣùgbọ́n ní ti epo pupa, kò sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Yóò ti ìka kan bọ inú garawa, yóò fi àtàǹpàkò rà á, yóò gbé e síhà oòrùn, yóò wá ní, "Èyí dára," tàbí, "Ẹ gbé e kúrò níwájú mi." Lójú tirẹ̀, èyí tó pọ́n, tó mọ́ gaara, tó sì fà dáadáa láàárín ìka, òun ni epo. Èyí tó bá dúdú, wọ́n ti jó o lórí iná, tàbí kí ẹni tó tà á jẹ́ olè. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹni tó ń bá wa wà á jẹ́ Mùsùlùmí kan láti ìhà Ìlọrin, tó ti pẹ́ ní gáréèjì Ore. Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo wa ń pè é, òun náà sì ń pe ìyá mi ní Ìyá Ọlọ́kọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dàgbà jù ú lọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun méjì ni kì í fi ṣeré, ìrun rẹ̀ àti ọ́ìlì. Láràárọ̀, kí ó tó ṣíná sí mótò, yóò pè mí: "Ọmọ Ọlọ́kọ̀, wá fa géèjì yọ."

Géèjì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì. Ó kọ́ mi pé kí mótò wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnì tutù, kí gbogbo ọ́ìlì ti sọ̀ kalẹ̀ tán. Màá fà á yọ, màá nù ún, màá tì í wọlé títí tí yóò fi kanlẹ̀, màá tún fà á yọ. Àmì méjì ló wà lára rẹ̀, ọ́ìlì sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Èmi wá fi tèmi kún un. Mo ní ìwé àjákọ kan tí mo ti kọ tán. Kí n tó nu géèjì, màá kán ẹ̀kán ọ́ìlì kan sí ojú ìwé, màá kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ìdí pàtàkì kan. Ó kàn ń wù mí láti rí bí ó ṣe ń tàn lórí ìwé ni, bí ẹní fi omi kọ òṣùpá.

Ọjọ́ Ajé kan, Dẹ́rẹ́bà da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ó rọ tuntun. Ẹ̀kán tí mo kán lọ́jọ́ kejì ní àwọ̀ oyin. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ti dúdú bí èédú. Àyà mi já. Mo sáré gbé ìwé lọ fún ìyá mi níbi tí òun àti àwọn obìnrin ti ń gbé garawa epo sínú lọ́rì.

"Màmá, ọ́ìlì tí wọ́n rọ lọ́jọ́ Ajé ti dúdú."

Ìyá mi kò wo ìwé mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n fa géèjì yọ, ó fi àtàǹpàkò ra ọ́ìlì náà, ó gbé e síhà oòrùn.

"Dẹ́rẹ́bà, ọ́ìlì tuntun dà?"

"Òun náà nìyẹn, Ìyá Ọlọ́kọ̀."

"Èyí?"

"Òun ni."

Obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú nínú wọn na ọrùn wò ó. "Ẹ gbà mí o! Ṣé àdín ni wọ́n rọ sí mótò ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, torí kò sí ẹni tí kò mọ bí àdín ẹ̀yan ṣe ń dúdú.

Dẹ́rẹ́bà ní, "Iṣẹ́ ló ń ṣe tó fi dúdú."

Obìnrin náà ní, "Èmi náà ń ṣiṣẹ́ láti àfẹ̀mọ́jú, ṣé mo dúdú sí i ni?"

"Ẹ̀yin ti dúdú tó tẹ́lẹ̀, ìyá."

Ẹ̀rín tún ta, obìnrin náà pàápàá fi ọwọ́ gbá itan. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́. Ẹ ti ta ọ́ìlì tuntun, ẹ ti lọ bu èyí tó jóná sínú mótò àwọn ọmọ tí kò ní baba."

Dẹ́rẹ́bà wo ìyá mi, ó wo èmi tí mo di ìwé mú. Kò bínú sí mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù títí dòní. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e lé orí ìdérí garawa kan.

"Ìyá Ọlọ́kọ̀, mi ò jalè rí. Ọ́ìlì yẹn ni yóò jẹ́rìí mi."

Ó gbé bùtà àlùwàlá rẹ̀ àti ẹní ìkírun rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sójú títì.

Ẹni tí a gbà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́yàyà kan tó ti wa takisí oníbẹntiróòlù ní Oǹdó. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó da ọ́ìlì dúdú náà nù. Ìyá mi ní lọ́tẹ̀ yìí, fúnra òun ni yóò yan ọ́ìlì. Mo bá a lọ sí ìsọ̀ ọlọ́ìlì ní Ore. Ẹ ò bá rí i! Ó ní kí ọkùnrin náà ṣí gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ó ń ti ìka bọ̀ ọ́, ó ń rà á, ó ń gbé e síhà oòrùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe lọ́jà epo. Ìkan wà níbẹ̀ tó mọ́ gaara bí oyin àkọ́fún, tó sì ń fà.

Ọlọ́ìlì ní, "Ti mótò kékeré nìyẹn o, ìyá. Ti bẹntiróòlù ni."

Ìyá mi ní, "Ṣé gbogbo wọn kọ́ ni epo ni?"

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tàn wá. Nínú èdè wa, epo ni èyí tí a fi ń se ọbẹ̀, epo ni èyí tí mótò ń mu, epo náà la sì ń pe èyí tó ń yọ̀ lára irin. Ìyá mi rò pé orúkọ kan náà túmọ̀ sí ìwà kan náà. Dẹ́rẹ́bà tuntun kò jiyàn, torí òun náà kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n rọ ọ́ sí lọ́rì onígáàsì wa.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, àwọ̀ oyin náà kò ṣá. Ìyá mi a máa pe àwọn obìnrin wá wo géèjì. "Ẹ ò rí i bí? Epo tí ẹnì kan ò fọwọ́ kàn nìyí." Ẹ̀kán tí mo ń kán sínú ìwé kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Ti Dẹ́rẹ́bà àtijọ́ dúdú, ṣùgbọ́n dúdú rẹ̀ tàn dọ́gbadọ́gba títí dé etí. Èyí mọ́ yíká, àfi tóótó dúdú kékeré kan láàárín, bí ẹyinjú adìyẹ. Mo rí i lójoojúmọ́. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra láàárọ̀. Èéfín rẹ̀ nípọn. Ohùn kan wá ń ta nínú rẹ̀, tà-tà-tà, bí ẹni ń pa èkùrọ́. Ọjọ́ kan tí a lọ kó epo ní Omifunfun, tí a kọjú sí Ore, abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára ọ́ìlì hàn níwájú dẹ́rẹ́bà wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ohùn náà sì yí padà di gbà-gbà-gbà. Ó yára pa iná ọkọ̀. Ìyẹn nìkan ló ṣe tí ẹ́ńjìnì kò fi fọ́. Mótò mìíràn ló fi okùn fà wá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ore.

Mẹkáníìkì náà tú ìdérí orí ẹ́ńjìnì. Mo na ọrùn wò ó, mo rò pé n ó rí irin tó ń dán. Ẹrẹ̀ dúdú kíki ni mo rí, ó dì mọ́ gbogbo irin bí ẹ̀kọ tó sùn mọ́jú. Gbogbo ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ìyá mi sún mọ́ ọn. Ó ti ìka bọ inú ẹrẹ̀ náà, ó fi àtàǹpàkò rà á. Kò gbé e síhà oòrùn.

Ó ní, "Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀."

Mẹkáníìkì ní, "Kí lẹ wí?"

"Mo ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Epo tó mọ́ gaara lókè, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ti sùn sísàlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ta epo, ó yẹ kí n ti mọ̀!" Ó jókòó sórí táyà kan, ó káwọ́ lérí.

Mo fa ìwé àjákọ mi yọ nínú àpò, mo nà án sí mẹkáníìkì, torí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ó ṣí i, ó ń wò ó, ó tún ṣí i padà sẹ́yìn. Ó fi ojú ewé méjì wé ara wọn. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé gáàsì máa ń fi èédú sílẹ̀ nígbà tó bá jó, àti pé ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún onígáàsì ní ohun kan nínú tó dà bí ọṣẹ, tó ń wẹ èédú náà kúrò lára irin, tó sì ń gbé e káàkiri láì jẹ́ kó jókòó. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúdú kíákíá, tí ẹ̀kán rẹ̀ sì ń tàn títí dé etí. Ọ́ìlì tí ìyá mi yàn kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Ó mọ́ nítorí pé kò fọ ohunkóhun. Ó fi èédú sílẹ̀ síbi tó bá a.

Ó na ìka sí ẹ̀kán ọjọ́ Àbámẹ́ta náà. "Ẹni tó rọ èyí mọ iṣẹ́. Níbo ló wà?"

Ìyá mi dìde lórí táyà.

A bá a ní gáréèjì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ó ń ká ẹní rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa, ẹrù ló ń bá àwọn èèyàn dì, torí ọ̀rọ̀ olè ti ṣáájú rẹ̀ dé gáréèjì, kò sì sí ọlọ́kọ̀ tó fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èrò, èmi náà kúnlẹ̀. Ó gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà lórí ìjókòó lọ́ọ̀ọ́kán lè gbọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, Dẹ́rẹ́bà. Mo pè yín lólè, ẹ kì í ṣe olè. Ọ́ìlì ti jẹ́rìí yín."

Mo ní, "Èmi ni mo lọ sọ."

Ó fà mí dìde. "Ọmọ Ọlọ́kọ̀, ojú rẹ ríran dáadáa. Ohun tí o rí ni o sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ kò bi mí pé kí ló dé tó fi dúdú." Ó yíjú sí ìyá mi. "Èmi náà jẹ̀bi. Inú ló bí mi tí mi ò fi ṣàlàyé. Ẹ dìde nílẹ̀, Ìyá Ọlọ́kọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ wo mótò."

Ìyá mi ti ra gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì onígáàsì lójú ọ̀nà, ó fẹ́ kí wọ́n rọ ọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kọ̀. Ó ní bí ọ́ìlì tó ní ọṣẹ bá kan gbogbo ẹrẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, yóò já a wálẹ̀ ní ìṣù-ìṣù, yóò dí ajere tí ẹ́ńjìnì fi ń fa ọ́ìlì mu, òùngbẹ ni yóò sì pa á. Òun àti mẹkáníìkì tú pàánù ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Igi ni wọ́n fi ha ẹrẹ̀ náà, wọn kò fi irin hà á kí ojú irin má baà bó. Wọ́n fi gáàsì fọ pàánù, wọ́n fọ ajere, wọ́n pààrọ̀ asẹ́ ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rọ ọ́ìlì tuntun. Ìrìn àjò kan péré, láìkó ẹrù tó wúwo, wọ́n dà á nù. Wọ́n rọ òmíràn, ìrìn àjò mẹ́ta, wọ́n tún dà á nù. Ẹ̀kẹta la wá fi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ tirẹ̀ pé. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í jẹun dáadáa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tilẹ̀ ti wá kí wa, ó ń wo lọ́rì bí ẹni ń wo aláìsàn tí wọ́n ti ń pín ogún rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Dẹ́rẹ́bà ní kí n fa géèjì yọ. Ọ́ìlì náà dúdú kirikiri. Mo kán an sínú ìwé, ó tàn títí dé etí. Dẹ́rẹ́bà ṣíná sí lọ́rì, ohùn rẹ̀ sì já geere, kò wúkọ́. Ìyá mi gba géèjì lọ́wọ́ mi, ó wo dúdú orí rẹ̀ títí, ó wá tẹ orúnkún díẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà.

"Ọ́ìlì, ẹ kú iṣẹ́ o."

Obìnrin ẹlẹ́nu mímú ọjọ́sí ní, "Èmi tí mo dúdú ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà, ẹ kú iṣẹ́!"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Lọ́rì yẹn rìn títí mo fi parí ẹ̀kọ́ tíṣà. Abẹ́ òrùlé kan náà ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dàgbà sí.

Ayé ti yí padà o. Nígbà náà, orúkọ àti àwọ̀ nìkan la mọ̀. Lónìí, ohun tí mótò ń fẹ́ wà ní kíkọ, ẹni tó bá lè kàwé kò ní ìdí láti ti ìka bọ ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé tó bá mótò yín wá. Bí kò bá sí, ẹ yí gálọ́ọ̀nù sẹ́yìn, ẹ wá lẹ́tà méjì kan. Èyí tó bá fi S bẹ̀rẹ̀, ti bẹntiróòlù ni. Èyí tó bá fi C bẹ̀rẹ̀, ti dísù ni, bíi CF-4 tàbí CI-4. Bí méjèèjì bá wà lára gálọ́ọ̀nù kan, ẹ wo èyí tó ṣáájú, òun ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Nǹkan tó kù ni nọ́ńbà. Èyí tó wà níwájú W ń sọ bó ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná. 15W-40 ló bá ọ̀pọ̀ onídísù àtijọ́ lára mu. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbó, tó ń jẹ ọ́ìlì, ẹ lè gbé e dé 20W-50. Ẹ má fi ọjọ́ ìpààrọ̀ falẹ̀, torí ọṣẹ inú rẹ̀ máa ń tán. Bí ẹ bá sì ra mótò tí ẹ kò mọ ohun tí ẹni tẹ́lẹ̀ ń rọ sí i, ẹ rántí igi àti pàánù.

Èmi náà ní píkọ́ọ̀pù onídísù àtijọ́ kan ní Odigbo, òun ni mo fi ń lọ wo oko mi. Dẹ́rẹ́bà ti lọ sílé tipẹ́, ìyá mi náà ti lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ Dẹ́rẹ́bà kan, obìnrin, ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ẹ̀gẹ́ láti Agbabu wá sí Ore báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á, kò sì sí ẹni tó ń yà lẹ́nu mọ́. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kán ọ́ìlì sórí ìwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi fóònù ya àwòrán ẹ̀kán kan ránṣẹ́ sí mi, dúdú, ó tàn títí dé etí. Kò kọ pé ọ́ìlì òun ti bàjẹ́. Kò fẹ̀sùn kan ẹni tó tà á fún un. Ohun tó kọ ni, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó fi dúdú báyìí?"

Mo wo ìbéèrè náà fún ìgbà pípẹ́. Mo wá tẹ nọ́ńbà rẹ̀, mo pè é, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.